Ẹ̀wà Tí Mo Fi Pamọ́ De Ogun

Ẹ jókòó, ẹ má dúró. Bádéjọ, ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀. Bí ẹni tó ń kọjá lọ bá gbọ́, kó gbọ́. Àìsàn tó wà nínú ikùn mi kò ní jẹ́ kí n rí ọdún tuntun. Dókítà ti sọ ọ́ fún Jádesọ́lá ọmọ mi, Jádesọ́lá sì rò pé n kò mọ̀. Mo mọ̀. N kò pè yín wá sunkún. Mo pè yín nítorí irọ́ kan tí gbogbo àdúgbò Kawo yìí ti gbà bí òtítọ́ láti bí ọdún mẹ́rin. Èmi ni mo pa irọ́ náà, ẹlòmíràn ló sì ń jìyà rẹ̀. Àyànníyì, ìwọ tó o jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́ ju gbogbo ẹni tó wà níbí lọ. Ṣé o ti ṣàkíyèsí pé n kì í pè ọ́ ní Bàbá Fatima bí àwọn yòókù ti ń pè ọ́? Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, wàá mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni n óò ti sọ ọ́, nítorí bí n kò bá sọ ti ogun, ti ẹ̀wà kò ní yé yín. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń jẹ́wọ́ a máa fẹ́ kọ́kọ́ ka ìyà tó ti jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́ ìyà náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi yọ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Iṣẹ́ rélùwéè ni Stephen, ọkọ mi, ń ṣe níbí ní Kaduna. Ọmọ Ìgbò ni, ará abúlé kan nítòsí Umuahia. Èmi jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọdún 1966, a kó ẹrù, a sá lọ sí abúlé rẹ̀ pẹ̀lú Jádesọ́lá àti Ọlọ́runtọ́ba, àbúrò rẹ̀, tó ṣì wà lẹ́yìn mi. Ogun bẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n mú Stephen lọ sójú ogun. Kó tó lọ, ó gbé àpótí kékeré kan fún mi, gbogbo owó tó ti kó jọ lẹ́nu iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Morọ́láyọ̀, má ná owó yìí sórí ọjà ọ̀wọ́n o. Ogun yìí kò ní pẹ́. Bó bá parí, ọjà á wálẹ̀.” Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Obìnrin kan wà ní ọ̀kánkán ilé wa tó ń ta iṣu. Ó máa ń kó o wá síwájú ilé mi nígbà tí owó ṣì níyì, èmi á sì sọ fún un pé ó ti wọ́n jù, kí n dúró kó wálẹ̀. Kò wálẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń gòkè, èmi náà sì ń dúró lójoojúmọ́. Nígbà tí mo wá ṣí àpótí náà, obìnrin yẹn wo owó tí mo nà sí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kí ni n óò fi èyí ṣe? Ṣé o ní iyọ̀?” N kò ní iyọ̀. Ìró kan ni mo fi gba ife iyọ̀ kan, èyí tó kù nínú aṣọ ìgbéyàwó mi. Irun orí Ọlọ́runtọ́ba pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ikùn rẹ̀ yọ síta. Ó kú sórí ẹní tí àpótí owó náà wà lábẹ́ orí rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀ di bébà, àwọn ọmọdé sì ń fi í ṣeré ọjà-ń-tà lábẹ́ igi. Stephen kò padà wá. Mo mú Jádesọ́lá, mo padà sí Kaduna. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo mú ti ibẹ̀ bọ̀: ọjà kì í wálẹ̀, owó ló ń wálẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo fi ṣòwò. Ẹ mọ̀ pé n kò ní owó ní báńkì rí. Bí mo bá jèrè lórí àpò àgbàdo kan, àpò mìíràn ni èrè náà máa dà. Jádesọ́lá lè sọ fún yín bí iyọ̀ ṣe dì bí òkúta lábẹ́ ibùsùn wa tí a fi ń fi ọmọ odó fọ́ ọ, àti bí ọṣẹ ṣe gbẹ títí tí kò fi hó mọ́. Ó máa ń ní, “Màmá, ogun ti parí.” Màá ní, “Ta ló sọ fún ọ?” Nígbà tí ìjọba sì mú ètò SAP wọn dé, tí ọjà ń gòkè lọ́dọọdún, àwọn tó ti ń fi mí rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọlọ́gbọ́n. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀rù náà kàn bá àkókò pàdé ni. Bó bá jẹ́ pé mo ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan péré ní àwọn ọdún yẹn, bóyá n kì bá tí dá ara mi lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí ọdún 1993, nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n pa ènìyàn nínú ìlú yìí, ọkàn kò tíì balẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo kọjá ní ibùdókọ̀ Kawo, mo rí àwọn ènìyàn tó gbé ibùsùn lérí, tí wọ́n so ìkòkò mọ́ ẹ̀yìn, kálukú ń sá lọ sí ìlú bàbá rẹ̀. Mo dúró, mo wò wọ́n. Mo ti wà láàárín irú wọn rí. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀wà. Iye tí wọ́n bá pè é ni mò ń san. Bádéjọ tí a jọ ń tajà nínú ìsọ̀ kan náà rí mi, ó ní, “Ìyá Sọlá, ẹ̀wà ti wọ́n kọjá ibi tó yẹ. Èyí tí ẹ ní gan-an ló yẹ kí ẹ tà báyìí. Bí ti tuntun bá ti oko dé, á já wálẹ̀.” Mo wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Mo ní, “Bádéjọ, ìwọ kò tíì rí ogun.” Ó ní, “Òótọ́ ni, n kò rí i. Ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà ìkórè.” Mo gba yàrá kejì lẹ́yìn ilé, mo kó àpò kún un dé òrùlé.

Kòkòrò kò jẹ́ kí ẹ̀wà pẹ́, gbogbo ẹni tó ń ta á ló mọ̀. Mo lọ bá Abdulganiyu, ọmọ Ìlọrin tó ń ta oògùn oko lẹ́bàá ọjà. Mo ní kó fún mi ní èyí tó le jù. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi tọ́jú ẹ̀wà. Ó ní, “Ti gbígbìn ni tàbí ti jíjẹ?” Mo ní, “Ti gbígbìn.” Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó gbé igò kan jáde, ó ní, “Màmá, ẹ ṣọ́ra o. Wallahi, adìyẹ tó bá ṣa á jẹ kò ní rìn jìnnà.” Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà. Mo ní bí ogun bá dé, kò sẹ́ni tó máa béèrè oògùn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti jẹ aláǹgbá, tí wọ́n jẹ ewé tí ewúrẹ́ kọ̀. Mo ní a máa fọ̀ ọ́, a máa sè é pẹ́, ẹni tó bá sì yó lónìí ni yóò lè kú lọ́la. Mo da oògùn náà sí apá kan lára àwọn àpò náà, mo fi okùn pupa so wọ́n lọ́tọ̀. Ogun tí kò sí ni mò ń bọ́.

Kò dé. Àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní oṣù kọkànlá, àwọn tó sá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ẹ̀wà tuntun ti oko dé, òjò ti rọ̀ dáadáa lọ́dún yẹn, ọjà sì já wálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Bádéjọ ti sọ. Ó wá bá mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Ẹ tà á ní iye tó bá gbà, Màmá. Díẹ̀ sàn ju òfo lọ.” N kò tà á. Lójú mi, mo tún padà dé iwájú obìnrin oníṣu nìyẹn, n kò sì fẹ́ kó fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní ó máa tún gòkè. Nígbà tí ọyẹ́ fi kúrò nílẹ̀, kòkòrò ti sọ àwọn àpò tí kò ní oògùn di ìyẹ̀fun, bí mo bá fọwọ́ kàn wọ́n, ìyẹ̀fun á máa dà jáde lára wọn. Àwọn olókùn pupa nìkan ló kù. Wọ́n dán, wọ́n rẹwà, kò sí ihò kan ṣoṣo lára wọn.

Oṣù ààwẹ̀ ni Ganiat wá. Gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n nígbà náà. Kaduna ni wọ́n bí i sí, ó ń dín àkàrà ní ìkóríta lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí kékeré. Àwọn Hausa ń pè é ní Mai Kosai, àwọn ènìyàn á sì tò síwájú rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀wà tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọjà kò sí. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Ìyá Sọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹ̀wà, àwọn tó ń ṣínu ń dúró dè mí.” Mo ní kò sí. Ó na ojú wo inú yàrá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀wà tó ń dán yẹn ńkọ́?” Ẹ gbọ́, àkókò tó kúrú ni. Mo lè ní ti gbígbìn ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n mo wo àwọn àpò náà, mo rí gbogbo ohun tí mo fi rà wọ́n, mo sì ronú pé ẹni tó fẹ́ dín àkàrà á kúkú rẹ ẹ́, á bó èèpo rẹ̀, oògùn náà á bá èèpo lọ. Mo fi abọ́ mudu wọn bíi mélòó kan fún un. Mo ní, “Fọ̀ ọ́ dáadáa o.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé èmi náà ni ẹ máa kọ́ ní àkàrà dídín?” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ṣàdúrà fún mi pàápàá.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìṣínu, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ariwo. Àwọn tó jẹ àkàrà náà ń bì, itọ́ ń yọ lẹ́nu wọn, ara wọn ń gbọ̀n. Ganiat fúnra rẹ̀ ń bì. Wọ́n kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn, púpọ̀ nínú wọn sì yè é. Fatima, ọmọ Àyànníyì, kò yè é. Ọdún yẹn ni ọdún àkọ́kọ́ tó fẹ́ gbààwẹ̀ bí àgbà. Ìyá rẹ̀ ní kó ṣínu lọ́sàn-án, ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Òfìfo ikùn ló fi gba àkàrà náà. Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Àyànníyì, mo gbọ́ ohùn rẹ láti inú ilé mi. N kò jáde wá kí ọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń ka àpò olókùn pupa tó kù.

Abdulganiyu ló kọ́kọ́ wá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. “Màmá, ọmọ kan ti kú.” Mo ní mo mọ̀. “Mo sọ fún yín.” Mo ní, “O sọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ mú, èmi tí mo ra oògùn ni, àbí ìwọ tó o ń ta á láìní àṣẹ?” Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ wá ọmọlanke. Èmi àti òun la kó àwọn àpò náà lọ sí ẹ̀bá odò, níbi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ bíríkì, a dà wọ́n sínú kòtò, a bò wọ́n. Kò pẹ́ sí i ló ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó padà sí Ìlọrin, n kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Lọ́nà tí mo gbà padà, mo ra àpò ẹ̀wà tuntun kan ní ọjà, mo so ó bí àwọn ti tẹ́lẹ̀, mo gbé e sínú yàrá. Ẹ̀wà pọ̀ lọ́jà, kò sì wọ́n. Mo ṣàkíyèsí bó ṣe pọ̀ tó.

Ohun tó burú jù ló kù yìí. Mai Unguwa, olórí àdúgbò wa, ránṣẹ́ pè mí lọ́sàn-án. Ganiat ti sọ pé ọwọ́ mi ni òun ti ra ẹ̀wà. Iwájú ilé rẹ̀ kún. Mai Unguwa fi Hausa sọ fún mi pé, “Mama, wọ́n dárúkọ rẹ. Mo ti mọ̀ ọ́ pẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ ti kú.” Mo ní kí wọ́n lọ gbé àpò ẹ̀wà inú yàrá mi wá. Wọ́n gbé e wá. Mo ní kí wọ́n fún mi ní sítóòfù àti ìkòkò. Mo bu ẹ̀wà náà níṣojú gbogbo wọn, mo sè é, mo jókòó tì í títí ó fi jinná. Àwọn ènìyàn náà ń gbààwẹ̀, èmi nìkan ni Kìrìsìtẹ́nì láàárín wọn, èmi nìkan ni mo lè jẹun lọ́sàn-án gangan. Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ àwo kan tán, mo tún bu òmíràn. Ganiat dúró ní iwájú mi, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní, “Ìyá Sọlá, ẹ̀wà yìí kọ́ lẹ tà fún mi. Tèmi ń dán.” Mo gbé ojú sókè, mo ní, “Ganiat, ẹ̀wà wo ni kì í dán?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bí mo bá dúró níbẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ náà á kàn wọlẹ̀, kò ní sí ẹni tó jẹ̀bi. N kò dúró níbẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi, mo ní, “Èmi kò mọ̀ o, ṣùgbọ́n òróró wo ló fi dín in? Ẹ ṣáà mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa òróró inú tiransifọ́ma iná tí àwọn kan ń jí fi dín àkàrà.” N kò pariwo. Bí ẹni tó ń káàánú rẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́.

Òróró yẹn ló bà á jẹ́. Kí ìrun àṣálẹ́ tó tó, àwọn ọ̀dọ́ ti fọ́ ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n da agbada rẹ̀ sínú gọ́tà. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì dá a sílẹ̀ nígbà tí wọn kò rí nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ ní òun kò lè máa jẹun lọ́wọ́ ẹni tó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ó lé e jáde, ó gba àwọn ọmọ rẹ̀. Makera, ní gúúsù ìlú yìí, ló wà báyìí, ó ń gbálẹ̀ ní ibi iṣẹ́ kan. Wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkòkò àwọn tó ń jẹun níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, èmi kò tún kó ọjà pamọ́ mọ́. Mò ń ra ohun tí mo bá máa tà lọ́sẹ̀ náà. Ọkàn mi balẹ̀ nípa ọjà, ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ọmọ ọlọ́mọ kú kí n tó gbà pé ogun ti parí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré, tí ẹ kò rí ogun, àwa tí a rí i máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó sọ wá di amòye. Ẹ máa gbọ́ wa, ṣùgbọ́n ẹ máa wo ojú wa dáadáa bí a bá ń sọ iye tí nǹkan máa dà lọ́la. Ibi tí ogun ti rí wa gbẹ̀yìn ni púpọ̀ nínú wa ṣì dúró sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rán Bádéjọ sí Ganiat ní Makera pé kó wá, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá a sọ. Kò wá. Bádéjọ kò mọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ tí Ganiat rán an padà, ó kàn jẹ́ ẹ fún mi bó ṣe gbọ́ ọ. Ganiat ní, “Ẹ sọ fún Ìyá Sọlá pé èmi ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni kó lọ sọ ọ́ fún, níbi tó ti jẹ ẹ̀wà.” Òótọ́ ló sọ. Inú yàrá mi níbí rọrùn jù. Jádesọ́lá, ó tó, nu ojú rẹ, kí o mú ìró mi wá. Bádéjọ, lọ wá ọkọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni òní, wọn kò ní pẹ́ jáde ní mọ́ṣáláṣí, iwájú ilé Mai Unguwa á sì kún. Bàbá Fatima, n kò ní kó o foríjì mí lónìí, n kò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n bẹ̀ ọ́ rárá. Ohun kan ni mo ń tọrọ. Bá wa lọ, kí o dúró níbi tí wọ́n ti máa rí ọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé àìsàn ló ń mú ìyá arúgbó sọ ìsọkúsọ. Bí mo bá sì fẹ́ fo èyíkéyìí nínú ohun tí mo sọ yìí, ìwọ ni kó o dá mi dúró.